Àrokò Inú Ẹ̀dọ̀: Bí Ìránṣẹ́ Ara Ṣe Ń Di Ìránṣẹ́ Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àrùn jẹjẹrẹ bá délẹ̀. Wọn a ní, "Ṣebí ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ sọ pé ara ní ọmọ ogun tirẹ̀ tí ń lé àrùn jáde? Níbo ni àwọn ọmọ ogun náà wà nígbà tí jẹjẹrẹ ń jẹ ẹ̀dọ̀ ọmọ ènìyàn?" Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá, ó sì yẹ kí á dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún ara wọn kò kún tó. Wọn a ní ara ni kò lágbára tó, wọn a sì máa wá oògùn tí yóò fún ara lágbára kiri, ìbáà jẹ́ ti inú ìgò, ìbáà jẹ́ ti inú ìkòkò.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín nínú àròkọ yìí ni pé, ní ti ẹ̀dọ̀, kì í ṣe àìlágbára nìkan ni ó ń fa ìpalára. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ ogun ara wà níbẹ̀, wọn kò sì sùn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí ara wọn ni kò dáwọ́ dúró nígbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró, títí tí jẹjẹrẹ fi gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí ó fi sàn kí á dènà àrùn yìí láti ìgbà ọmọ ọwọ́ ju kí á máa wá agbára kiri nígbà tí ilé ti jó tán.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2022, àwọn ènìyàn bí 866,000 ni a rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára wọn ní gbogbo àgbáyé, iye àwọn tí ó sì kú nípa rẹ̀ ní ọdún kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 760,000. Bí ẹ bá fi iye méjèèjì wé ara wọn, ẹ ó rí i pé díẹ̀ ni àwọn tí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí, ó tún ní ìwà búburú mìíràn: ó máa ń mú àwọn tí kò tíì darúgbó, bàbá àti ìyá tí wọ́n ṣì ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ.

Ẹ̀dọ̀ àti àwọn oníbodè rẹ̀

Ìhà ọ̀tún lábẹ́ egungun ìhà ni ẹ̀dọ̀ wà. Ìwọ̀n rẹ̀ lára àgbàlagbà tó kílógíráàmù kan ààbọ̀. Bí ìlú àtijọ́ tí ó ní ibodè ni ó rí, nítorí pé ohun gbogbo tí a bá jẹ tàbí tí a bá mu, tí ìfun sì gbà sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà kọjá kí ó tó dé ibòmíràn. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ń wọ inú ẹ̀dọ̀, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ń ti ìfun àti àwọn ẹ̀yà ara tí ó yí i ká wá.

Níbi tí èrò bá pọ̀ báyìí, a kò lè ṣe aláìní oníbodè. Àwọn oníbodè ẹ̀dọ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ń gbé inú àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tóóró tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Karl Wilhelm von Kupffer, ni ó kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1876, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè wọ́n di òní: sẹ́ẹ̀lì Kupffer. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé kòkòrò àrùn mì, láti kó òkú sẹ́ẹ̀lì kúrò lọ́nà, àti láti kéde fún àwọn ọmọ ogun yòókù bí ewu bá dé.

Ẹ kíyè sí i pé oníbodè ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ onísùúrù. Àjèjì tí ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ kò níye, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ní ibi nínú: oúnjẹ ni wọ́n. Bí oníbodè bá ń lu ìlù ogun sí gbogbo wọn, ìlú kò ní í fara rọ. Nítorí náà ni a fi dá ẹ̀dọ̀ ní onísùúrù ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara lọ. Sùúrù yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i níwájú pé jẹjẹrẹ a máa lò ó fún èrè ara rẹ̀.

Kí ni àrokò náà?

Kí ìwé kíkọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba ńlá wa ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láìfọhùn. Àrokò ni. Bí ẹnì kan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó gbà á yóò mọ̀ pé nítorí "ẹfà" ni, pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí òun. Bí a bá de ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kojú sí ara wọn, ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni. Ẹrù náà kò ju ẹyọ lọ, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ lè dá ogun sílẹ̀ tàbí kí ó pa á. Ẹni tí kò bá sì mọ àrokò, owó lásán ni yóò rí.

Bákan náà gẹ́lẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n wọ́n ń tú àwọn purotéènì kéékèèké jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáítókáìnì. Purotéènì kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀. Lára sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó gbọ́ ọ ni olùgbà kan wà, tí ìrísí rẹ̀ bá ti purotéènì náà mu bí kọ́kọ́rọ́ ti ń bá àgádágodo mu. Bí àrokò bá kan olùgbà rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà yóò ṣe ohun tí a rán sí i: yóò pọ̀ sí i, tàbí yóò lọ síbòmíràn, tàbí yóò jà, tàbí yóò sinmi. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní olùgbà náà yóò ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ìmọ̀ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 1957, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìjọba kan ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i pé bí a bá fi kòkòrò àìsàn ọ̀fìnkìn líle tí a ti fi iná pa kan awọ inú ẹyin adìẹ, awọ náà a máa tú ohun kan jáde tí kì í jẹ́ kí kòkòrò alààyè lè bí sí i níbẹ̀ mọ́. Wọ́n sọ ohun náà ní interferon. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ ní Osaka ní ilẹ̀ Japan, Tadamitsu Kishimoto àti Toshio Hirano pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, rí àkọsílẹ̀ tí ara fi ń ṣe èyí tí a wá mọ̀ sí interleukin-6. Lónìí, àwọn irú purotéènì bẹ́ẹ̀ tí a mọ̀ pọ̀ gan-an. Èmi yóò mú àwọn díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ kàn jù lọ.

Nígbà tí àrokò kò bá dáwọ́ dúró

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí nǹkan ti yẹ kí ó rí. Bí ọ̀bẹ bá gé ọmọ ní ìka, ojú ibẹ̀ a wú, a pọ́n, a sì gbóná. Àrokò ni ó pe àwọn ọmọ ogun wá síbẹ̀. Wọ́n pa kòkòrò àrùn, wọ́n kó ìdọ̀tí, wọ́n sì ní kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó kù bí sí i kí wọ́n lè dí ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àrokò mìíràn á jáde pé ogun ti parí. Wíwú náà á lọ, àpá á kù.

Ṣùgbọ́n bí ohun tí ń gé ẹ̀dọ̀ kò bá lọ ńkọ́? Kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú irú B àti irú C lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún láìjẹ́ pé ẹni tí ó gbé e mọ̀. Ọtí líle àmuyíràá a máa pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu, tí ohun bí òwú hù sí lára, a máa ní oró kan nínú tí a ń pè ní aflatoxin. Ọdún 1960 ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí oró yìí, nígbà tí tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe. Bí oró náà àti àrùn mẹ́dọ̀wú irú B bá pàdé nínú ẹ̀dọ̀ kan, ìpalára wọn a pọ̀ ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ.

Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ti ń kú lójoojúmọ́ báyìí, àwọn oníbodè ń rí òkú, wọ́n sì ń fi interleukin-6 ránṣẹ́ láìsinmi. Ìtumọ̀ àrokò náà sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni pé, "Ẹ máṣe kú, ẹ bí sí i." Iṣẹ́ rere ni, nítorí pé òun wà lára ohun tí ń mú kí ẹ̀dọ̀ tí a gé apá kan rẹ̀ lè hù padà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí akọ̀wé tí a ní kí ó da ìwé kan náà kọ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láìsùn. Bí ó ti wù kí ó mọ̀wé tó, àṣìkọ yóò wọlé. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, àṣìkọ a máa wọ inú àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀dá rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ kan, sẹ́ẹ̀lì kan tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ yóò gbọ́ àrokò kan náà: "Má ṣe kú, bí sí i." Àwọn oníbodè ń ránṣẹ́ sí ọmọ ilé, wọn kò mọ̀ pé olè ni ó gbà á.

A rí ẹ̀rí èyí nínú ìwádìí kan tí Michael Karin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2007. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń pa ọkùnrin ju obìnrin lọ. Wọ́n fún akọ àti abo eku ní oró kan tí ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Interleukin-6 tí ó jáde nínú ẹ̀jẹ̀ akọ pọ̀ ju ti abo lọ, akọ ni àrùn náà sì mú jù. Nígbà tí wọ́n lo àwọn eku tí kò lè ṣe interleukin-6 rárá, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin akọ àti abo parẹ́. Wọ́n tún rí i pé omi ara obìnrin tí a ń pè ní estrogen a máa dín interleukin-6 tí àwọn oníbodè ń tú jáde kù. Ẹ wò ó: oró kan náà ni wọ́n jẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àrokò tí ara tú jáde ni ó ya ìlera ọ̀kan sọ́tọ̀ sí ti èkejì. Mo mọ̀ pé eku kì í ṣe ènìyàn, ọtí àti sìgá sì tún ń fi kún ti ọkùnrin. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ńlá ni ìwádìí náà kọ́ wa.

Bí jẹjẹrẹ ṣe ń tàn ká

Kì í ṣe kókó kan ṣoṣo tí ó wà lójú kan ni ó ń pa ènìyàn jù, bí kò ṣe títàn tí ó ń tàn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ a máa wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ẹ̀dọ̀, a máa bí ọmọ sí apá ibòmíràn nínú ẹ̀dọ̀ kan náà, lẹ́yìn náà a lè dé ẹ̀dọ̀fóró, kókó ọrùn iṣan, tàbí egungun.

Oníṣègùn ará Lọ́ńdọ̀nù kan, Stephen Paget, yẹ ìwé ìròyìn nípa obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa wò, ó sì kọ ọ́ ní ọdún 1889 pé àrùn náà kì í kàn ṣubú síbi tí ó bá rí. Ó fi í wé irúgbìn tí afẹ́fẹ́ ń fọ́n káàkiri, tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ tí ó bá gbà á nìkan ni yóò ti hù. Àgbẹ̀ kò nílò kí á ṣàlàyé èyí fún òun. Ohun tí Paget kò lè rí nígbà náà ni ẹni tí ń ro ilẹ̀ sílẹ̀ de irúgbìn. Àrokò ara ni, mẹ́rin nínú wọn ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èkíní ni èyí tí a ń pè ní TGF-beta. Ojú méjì ni ó ní. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ wa ni: ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ pé kí ó má bí sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀dọ̀ pé kí wọ́n máa hun àpá. Bí ọgbẹ́ kò bá sì tán, àpá kò ní í tán, títí tí ẹ̀dọ̀ yóò fi le bí okùn. Bí àkókò ti ń lọ, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a di etí sí apá ọ̀rọ̀ tí ó ní kí ó dúró, a sì gbọ́ apá kejì nìkan. Apá kejì yìí ni ó ń mú kí ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ti so mọ́ra bí bíríkì ara ògiri, kí ó yí ìrísí padà, kí ó sì máa rìn. TGF-beta kan náà a tún máa fi oorun kun àwọn ọmọ ogun tí ó yẹ kí wọ́n dá a dúró.

Èkejì ni VEGF, àrokò tí ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀ titun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń rán an, àwọn ọmọ ogun tí ó yí wọn ká náà sì ń rán an, nítorí pé wọ́n ṣe bí ẹni pé ọgbẹ́ ni wọ́n ń wò. Ní ọdún 1986, Harold Dvorak ní Boston ṣe àlàyé pé kókó jẹjẹrẹ dà bí ọgbẹ́ tí kì í jinná. Iṣan titun yìí ń gbé oúnjẹ wá fún kókó náà. Ṣùgbọ́n a kò hun ún dáradára, ó ń jò, ojú ibi tí ó ń jò sì di ilẹ̀kùn tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń gbà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó jọ ẹyọ owó mẹ́fà jù lọ. Àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì mọ́ra lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni CXCL12, olùgbà rẹ̀ sì ni CXCR4. Iṣẹ́ tí a dá a fún ni láti mú kí àwọn ọ̀dọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ dúró sí inú mùdùnmúdùn egungun, àti láti darí àwọn ọmọ ogun sí ibi tí a ti ń fẹ́ wọn. Ní ọdún 2001, a rí i nípa jẹjẹrẹ ọmú pé àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gbé olùgbà yìí wọ̀ bí ẹ̀wù, àti pé ibi tí CXCL12 pọ̀ sí, bí ẹ̀dọ̀fóró àti mùdùnmúdùn egungun, ni wọ́n ń lọ jókòó sí. A ti rí olùgbà kan náà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹfà ni ara ń pa fún ọmọ rẹ̀. Àlejò burúkú ni ó ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹrin ni PD-L1, àrokò àlàáfíà. Nígbà tí ogun bá parí, ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún ọmọ ogun pé kí ó fi idà sínú àkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa ará ilé. Ọmọ ogun tí ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ó bàjẹ́ ní olùgbà kan lára tí a ń pè ní PD-1. Bí PD-L1 bá kàn án, yóò dáwọ́ ìjà dúró. Jẹjẹrẹ a máa gbé PD-L1 sí ara rẹ̀ bí ẹni ta àsíá funfun. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni pé igbe ogun àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ni ó ń mú un gbé e jáde. Bí wọ́n bá ti ń tú irú interferon tiwọn jáde pé kí gbogbo ènìyàn dìde, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń fi kún àsíá tí ó ń ta. Nínú ẹ̀dọ̀ onísùúrù, tí ó ti mọ́ lára láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àlàáfíà, ẹ̀tàn yìí tètè ń jẹ́.

Èyí ni ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀. Apá kan nínú wọn ń bọ́ ọ̀tá láìmọ̀, apá kan ń la ọ̀nà fún un, apá kan sì ti gba àrokò pé kí wọ́n máa sùn. Igbe tí ó tún le ju ti àná lọ nìkan kò lè tún irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe.

Bí ìṣègùn ṣe ń gba àrokò lọ́wọ́ ọ̀tá

Ìmọ̀ yìí ti di oògùn. Ní ọdún 2018, a fún James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan ní ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n fi hàn bí a ṣe lè mú ìdènà kúrò lọ́nà àwọn ọmọ ogun ara. Honjo ni ó rí PD-1. Ní ọdún 2020, a tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde tí a ṣe fún aláìsàn 501 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wọn kọjá ohun tí a lè fi iṣẹ́ abẹ mú kúrò. A fún apá kan ní oògùn méjì pọ̀: atezolizumab, tí ń bo PD-L1 lójú, àti bevacizumab, tí ń gba VEGF mú lọ́nà. A fún àwọn yòókù ní sorafenib, oògùn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, bí 67 nínú 100 àwọn tí ó lo oògùn méjì náà ṣì wà láàyè. Ti sorafenib jẹ́ bí 55 nínú 100.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìlọsíwájú ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn fún gbogbo ènìyàn. Owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ ní ilẹ̀ wa. Ó sì ní ewu tirẹ̀: nígbà tí a bá mú àrokò àlàáfíà kúrò, àwọn ọmọ ogun lè kọjú sí ìfun, awọ ara, ẹ̀dọ̀fóró, àní ẹ̀dọ̀ náà pàápàá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lójú àwọn oníṣègùn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ni a ti ń lò ó. Ẹni tí ó bá ń ta ohun kan ní ọjà tí ó ní yóò fún ara lágbára láti lé jẹjẹrẹ jáde, ẹ bi í pé àrokò wo ni ó fẹ́ gbé sókè, èwo ni ó sì fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún olùkọ́

Bí ó bá jẹ́ pé iná tí kò kú ni ó ń dáná sun ilé, ọgbọ́n ni kí á má jẹ́ kí ó ràn. Níhìn-ín ni iṣẹ́ wa wà, ẹ̀yin olùkọ́, ibikíbi tí a bá rán yín lọ, ìbáà ṣe Kano tàbí Jos, ìbáà ṣe etí òkun tàbí àárín aginjù.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú irú B. Bí kòkòrò yìí bá wọ ara ọmọ titun jòjòló, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gbé e kiri. Bí ó bá wọ ara àgbàlagbà, àwọn tí yóò máa gbé e kiri kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, láàrin wákàtí 24 tí a bí ọmọ ni ó yẹ kí ó gba ti àkọ́kọ́, kí ó sì gba ìyókù ní àsìkò wọn. Erékùṣù Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ náà ní ọdún 1984. Ṣáájú rẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń mú bí ọmọ 7 nínú mílíọ̀nù kan lọ́dọọdún láàrin àwọn ọmọ ọdún 6 sí 14. Láàrin ọdún 1990 sí 1994, ó ti wálẹ̀ di bí 3 tàbí 4. Ní agbègbè tiwa, orílẹ̀-èdè Gambia bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá lórí abẹ́rẹ́ náà ní ọdún 1986, Nàìjíríà sì fi í kún ètò àjẹsára ọmọdé ní ọdún 2004. Abẹ́rẹ́ wà, kí ìyá gbé ọmọ lọ ní àkókò ni ó kù.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni a fi ń yẹ àrùn yìí wò. Ẹni tí a bá rí irú B lára rẹ̀, oògùn bíi tenofovir wà tí ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀, tí àrokò ogun inú ẹ̀dọ̀ fi ń rọlẹ̀, tí ewu jẹjẹrẹ sì ń dín kù. Ẹni tí ó ní irú C, oògùn wà tí ń wò ó sàn pátápátá. Ẹ má sì jẹ́ kí a lé ọmọ kankan kúrò ní àwùjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú irú B. Jíjẹun pọ̀ àti jíjókòó pọ̀ kì í ràn án. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ tí a kò bọ̀, àti ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ ni ó ń gbà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ pé kí wọ́n sá ẹ̀pà àti àgbàdo gbẹ dáradára kí wọ́n tó kó o sí àká, kí wọ́n ṣà èyí tí ó bu dànù, kí wọ́n má sì lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tí ó dára. Ẹ sọ òótọ́ nípa ọtí. Ní ti àgbo, èmi kò bú u, nítorí pé òun ni a fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ni ó ń gba gbogbo ohun tí a bá mu, ẹ̀dọ̀ tí ó ti ní ọgbẹ́ kò sì yẹ kí á máa di ẹrù àìmọ̀ lé lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì, èmi a máa lo ẹyọ owó mẹ́fà àti okùn kan. Mo ń fún ọmọ kan ní ìdí yàrá, mo sì ń ní kí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iwájú. Lẹ́yìn náà, mo ń jẹ́ kí ọmọ mìíràn tí a kò rán sí gbà á lójú ọ̀nà, kí ó sì dìde bí ẹni pé òun ni a pè. Kò sí ọmọ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tí ẹ̀kọ́ náà kì í yé.

Ìwòyí ọ̀la là ń bẹ̀ lọ́wẹ̀, a kì í bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Jẹjẹrẹ tí yóò pa ẹni ogójì ọdún lè ti gba àrokò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ tí a bí i. Ọjọ́ náà ni ó yẹ kí á ti dé ibodè ṣáájú rẹ̀, kí ọmọ tí a ń kọ́ ní A, B, D lónìí lè dàgbà, kí òun náà sì kọ́ ọmọ tirẹ̀.